Ẹ̀gbà Ọwọ́ Tí Ó Ń Gbé Ìfọwọ́kàn Wá Láti London

Ọ̀rọ̀ ibà tí mo ṣe ìlérí rẹ̀ fún yín yóò sún síwájú díẹ̀, nítorí ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa ní Ọbaléndé tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ilé tí ó ní ọmọ ní òkè òkun gbọ́. Orí ẹ̀gbà ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó parí sí. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó.

Ìyá kan wà ní ojúlé kẹta sí tiwa tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aláṣọ, nítorí pé aṣọ ni ó ń tà ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí ara tó kọ̀ fún un láti máa lọ máa bọ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní Peckham ní London, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí púpọ̀. Nígbà ọdún Kérésìmesì tí ó kọjá, ọmọ yìí fi ẹ̀gbà ọwọ́ kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ti wúrà, kì í sì í ṣe ti fàdákà. Rọ́bà dúdú ni, ó ní ohun kékeré kan bí bọ́tìnnì láàárín. Méjì-méjì ni wọ́n ń tà á: ìyá wọ ọ̀kan, ọmọ wọ èkejì. Bí ọmọ bá fi ìka kan tirẹ̀ ní London, ti ìyá yóò gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọbaléndé, iná kékeré yóò sì tàn lára rẹ̀. Bí ìyá náà bá fi ìka kan tirẹ̀, ọmọ yóò mọ̀ ọ́n lára níbi tí ó wà.

Alaalẹ́ ni ọmọ yìí máa ń fọwọ́ kan ẹ̀gbà náà bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ìyá ń dáhùn. Lẹ́yìn náà, kò sí èsì mọ́. Bí wọ́n bá sì jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìyá á ní òun kò gbọ́ nǹkan kan lára. Ọmọ rò pé àwáwí ni. Kò lè wá sílé nígbà tí wọ́n sin àbúrò ìyá rẹ̀, ó sì ti gbà lọ́kàn pé inú ìyá òun kò tíì rọ̀. Ní ọjọ́ kan ó pè mí: "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ màmá mi. Wọn kì í fọwọ́ kàn mí mọ́." Ọkùnrin tí ó ti lé ní ogójì ọdún ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

Mo lọ bá ìyá náà ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹ mọ bí Ọbaléndé ti máa ń rí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀: àwọn ọmọ ọkọ̀ ń pe Àjáh, wọ́n ń pe CMS, èéfín sùyà gba gbogbo afẹ́fẹ́.

"Nọ́ọ̀sì, káàbọ̀. Ṣé ọmọ yẹn ló rán ọ sí mi?"

"Òun ni, mà. Ó ní ẹ kì í dá òun lóhùn mọ́."

"Ohun tí mi ò gbọ́, ṣé kí n máa purọ́ pé mo gbọ́ ọ ni?"

Mo gba ọwọ́ rẹ̀ wò. Orí apá búbà ni ó wọ ẹ̀gbà náà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbà wúrà rẹ̀, ó sì dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka mi méjì fi wọ abẹ́ rẹ̀. Àléébù kan nìyẹn. Mo tún wo fóònù rẹ̀: dátà ti tán pátápátá, ọmọ ọmọ rẹ̀ ti fi wo fíìmù. Àléébù kejì nìyẹn, òun ni ó sì tóbi jù, nítorí ẹ̀gbà náà kò lè dá ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé iṣẹ́ awo ni. Ẹ̀gbà ọwọ́ náà ń bá fóònù tí ó wà nítòsí sọ̀rọ̀ láti ojú òfuurufú, nípa ohun tí wọ́n ń pè ní Bluetooth. Fóònù ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí ìlú kejì, tí fóònù ti ibẹ̀ yóò fi gbà á, tí yóò sì fi lé ẹ̀gbà kejì lọ́wọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já, iṣẹ́ náà kò ní dé. Nínú ẹ̀gbà tí ó ń gbà á, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ó ń mú un gbọ̀n. Irú rẹ̀ náà ni ó wà nínú fóònù tí ó ń gbọ̀n ní àpò yín. Láti oṣù August 2001 tí tẹlifóònù alágbèéká ti GSM ti dé Nàìjíríà ni a ti ń gba irú ìfọwọ́kàn yìí láìfún un lórúkọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbá àpò nínú dánfó pé fóònù ń gbọ̀n, nígbà tí kò sí ẹni tí ó pè wọ́n. Èmi náà wà lára wọn. Kì í ṣe àìsàn. Ọpọlọ tí ó ti ń retí ìpè ni ó ń tan ara jẹ.

Àwọn òyìnbó ti ń gbìyànjú ju ẹ̀gbà ọwọ́ lọ. Francesca Rosella àti Ryan Genz, tí ilé-iṣẹ́ wọn CuteCircuit wà ní London, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002 lórí ẹ̀wù kan tí ó lè gba ìdìmọ́ra. Bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá dì mọ́ ara rẹ̀, ẹ̀wù náà yóò mọ ibi tí ọwọ́ bà, bí ó ti le tó, àti bí ó ti pẹ́ tó, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀wù ẹlòmíràn láti ọwọ́ fóònù. Ìwé ìròyìn Time kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí ó dára jù ní 2006. Ní Singapore, Adrian Cheok àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe aṣọ ìsùn fún ọmọdé: bí òbí bá di bèbí kan mọ́ra ní ibi iṣẹ́, afẹ́fẹ́ yóò kún inú aṣọ náà, yóò sì fún ọmọ mọ́ra nílé. Àwọn yìí kan náà ni wọ́n ṣe ẹ̀wù fún adìẹ, kí olówó rẹ̀ lè máa ra á lẹ́yìn láti ọ̀nà jíjìn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Adìẹ tiwa ní Èkó kò ní dúró kí a wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Láti 2015 tí aago ọwọ́ ti Apple ti jáde, ẹni tí ó ní i lè tẹ ọwọ́ ẹlòmíràn tí ó ní irú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì lè fi bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù ránṣẹ́ sí i.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí ní tòótọ́? Ní èrò tèmi, àrokò ni. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ̀ pé ẹyọ owó mẹ́fà tí a so pọ̀ tí a sì fi ránṣẹ́, ẹ̀fà ni, ó ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ a sì máa wí pé a jọ jẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí a dá Ọba Akítóyè padà sórí ìtẹ́ Èkó ní 28 December 1851, àrokò ni Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú fi bá a yọ̀, àwọn òyìnbó sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ẹni tí ó gba àrokò fi ọwọ́ kan ẹyọ owó tí ẹni tí ó rán an ti fi ọwọ́ kàn. Ẹ̀gbà òde òní kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò gbé ooru ọwọ́ ọmọ wá, kò gbé òórùn rẹ̀ wá. Ó kàn ń sọ pé ó rántí yín ni. Ohun rere ni, èmi kò kẹ́gàn rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a rán ni, kì í ṣe ọwọ́.

Awọ ara wa mọ ìyàtọ̀ náà. Oríṣiríṣi ohun ìmọ̀lára ni Ọlọ́run fi sí abẹ́ awọ. Ọ̀kan wà tí ó jẹ́ pé gbígbọ̀n ni ó ń mọ̀, pàápàá èyí tí ó yára tó igba sí ọ̀ọ́dúnrún ìgbà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Òun ni fóònù àti ẹ̀gbà yìí ń bá sọ̀rọ̀. Òmíràn wà níbi tí irun ń hù sí lára, bí apá àti ẹ̀yìn, tí kò bìkítà fún gbígbọ̀n. Ohun tí ó fẹ́ ni kí ọwọ́ ènìyàn rọra rìn lórí rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí mẹ́wàá láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, bí ìyá ti ń ra ọmọ lẹ́yìn kí ó lè sùn. Ẹ ṣáà wo bí ọwọ́ yín ti ń rìn nígbà tí ẹ bá ń rẹ ọmọ. Kò sí ẹni tí ó kọ́ yín. Nínú àwọn méjì tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn ní 2021, Ardem Patapoutian ni ó wá ohun tí ara fi ń mọ ìfọwọ́kàn rí. Èkejì, David Julius, fi ohun tí ó ń mú ata ta wá èyí tí ara fi ń mọ ooru. Ata tí a ń lọ̀ lójoojúmọ́!

Ìfọwọ́kàn mìíràn sì wà tí ẹ̀rọ kò lè rán rárá. Ní 2021, ìwádìí kan jáde tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní ilé ìwòsàn ní Ghana, India, Malawi, Tanzania àti Nàìjíríà. Ilé-Ifẹ̀ ni ti Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí a bí láìtó ìwọ̀n ni wọ́n wò, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Àwọn tí a gbé sí àyà ìyá wọn, ara sí ara, kété lẹ́yìn ìbí, méjìlá ni ó kú nínú ọgọ́rùn-ún kí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tó pé. Nínú àwọn tí a kọ́kọ́ fi sí ọ̀tọ̀ títí ara wọn fi balẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀yin aboyún tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ fi èyí sọ́kàn. Mo máa padà sórí rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Ìyá Aláṣọ. Mo ra dátà sí fóònù rẹ̀, mo bọ́ ẹ̀gbà náà kúrò lórí apá aṣọ, mo so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Mo ní kí ọmọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Iná tàn. Èmi tí mo fi ìka lé e mọ̀ pé ó gbọ̀n dáadáa. Ìyá wo iná náà, ó ní, "Ó jọ pé nǹkan kan ń rìn níbẹ̀." Mo ní kí ó di ojú rẹ̀. Ọmọ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá mọ̀.

Ìgbà náà ni ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Òtítọ́ ni pé bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, mímọ gbígbọ̀n lára ń dín kù. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ̀ pé àìsàn kan wà tí ó ń jẹ iṣan ìmọ̀lára, tí ó sì jẹ́ pé iṣan tí ó gùn jù ni ó kọ́kọ́ ń mú. Ti ẹsẹ̀ ni ó gùn jù. Ẹni tí ó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, ó ti pẹ́ ní ẹsẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bọ́ sálúbàtà yín."

Ìṣó kékeré kan ti yọ orí láti inú sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ dúdú sínú rẹ̀. Ní àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá náà, egbò wà níbẹ̀ tí ó tó bíi ojú ìka, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti funfun.

"Ìyá, ọjọ́ mélòó ni èyí ti ṣẹlẹ̀?"

"Èwo?" ni ó fi dá mi lóhùn.

Kò mọ̀. Ó ti ń tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ kiri ilé, kò sì mọ̀.

A kò jẹ́ kí Mọ́ńdè kọjá kí a tó dé ilé ìwòsàn. Dókítà mú irin kan tí ó ní ìka méjì, tí ó máa ń gbọ̀n ní ìgbà 128 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Ó fi lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀: ìyá kò mọ nǹkan kan. Ó fi lé ọrùn ẹsẹ̀: kò mọ̀. Ìgbà tí ó dé orúnkún ni ìyá ní, "Ẹn-ẹ́n, ó ń gbọ̀n." Ó tún fi ọ̀rá tín-ín-rín kan bí okùn ìpẹja gún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní ibi púpọ̀, ìyá sì ń wo òrùlé bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó ń ṣe é ní nǹkan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìtọ̀ ṣúgà ni. Nígbà tí a bi í dáadáa, ó jẹ́wọ́ pé wọ́n ti sọ fún òun ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun lo oògùn títí ara fi yá, òun sì fi í sílẹ̀, òun mú àgbo dípò. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ènìyàn tí ó lé ní ogún. Yíyá ara kì í ṣe ẹ̀rí pé ṣúgà ti lọ. Bí ẹ bá dá oògùn dúró, yóò padà wá láìkan ìlẹ̀kùn.

Ohun tí ṣúgà àpọ̀jù ń ṣe ni pé ó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, ó sì ń ba àwọn ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó ń bọ́ wọn jẹ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ẹsẹ̀ á máa ta, tàbí kí ó máa jó bí ẹni tẹ iná, tàbí kí ó kú tipiri. Kíkú ni ó burú jù, nítorí ìrora ni olùṣọ́ ara. Bí olùṣọ́ bá sùn, ìṣó, omi gbígbóná, òkúta inú bàtà, gbogbo wọn á wọlé. Egbò tí kò dun ènìyàn ni a sábà ń fi sílẹ̀ títí yóò fi ra, a ó sì gbọ́ pé wọ́n gé ẹsẹ̀ lágbájá. Kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ń ṣe é, ọtí àmujù ń ṣe é. Bí ara yín bá ń kú, ẹ jẹ́ kí dókítà wádìí èyí tí ó jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín ní alaalẹ́. Bí ẹ kò bá lè tẹ̀ ba, ẹ fi dígí wò ó, tàbí kí ẹ pe ọmọdé kan kó bá yín wò ó; ojú ọmọdé dára. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú bàtà kí ẹ tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe rìn láìwọ bàtà, ìbáà ṣe nínú yàrá. Ìgúnpá ni kí ẹ fi dán omi ìwẹ̀ wò, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fi abẹ gé ibi tí ó yi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ nu àárín ọmọ ìka gbẹ. Bí egbò bá wà, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ ní kí wọ́n fi irin àti ọ̀rá yẹn yẹ ẹsẹ̀ yín wò. Ẹ̀yin tí ẹ kò sì mọ bí ṣúgà yín ti tó, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní àárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Bí ó bá pé 126 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ padà lọ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Ní ti ẹ̀gbà ọwọ́ náà, awọ ara ni kí ẹ wọ̀ ọ́ mọ́, kì í ṣe orí aṣọ. Bí ibẹ̀ bá ń yún yín tàbí tí ó pọ́n, ẹ bọ́ ọ. Ẹni tí dókítà fi ẹ̀rọ tí ń ran ọkàn lọ́wọ́ sí láyà gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó wọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe rọ iná sí i lábẹ́ ìrọ̀rí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe sọ pé nígbà tí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n, ara yín pé. Ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n kí ẹsẹ̀ sì ti kú. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lókè òkun, ẹ rà á fún wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ rántí pé kò tíì sí ẹni tí ó wo ẹsẹ̀ màmá yín. Ẹ wá ẹnì kan nítòsí tí yóò máa ṣe ìyẹn, kí ẹ sì tọ́jú onítọ̀hún.

Mo pe ọmọ náà ní Peckham. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Àǹtí, èmi rò pé wọ́n ń bínú sí mi ni." Mo ní kò sí ìbínú níbẹ̀, ṣúgà ni.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ méje báyìí. Egbò náà ń pa ojú dé, wọn kò gé nǹkan kan. Ọmọ ọmọ tí ó jẹ dátà tán ni a fún ní iṣẹ́: ní alaalẹ́ yóò wo àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀, yóò fi òrí ra á lójúgun jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà yóò tẹ ẹ̀gbà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ dára. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fà fún wọn, ẹ̀ẹ̀mẹfà sì ni London ń dáhùn. Ìyá Aláṣọ kò tíì mọ gbogbo rẹ̀ lára. Ó máa ń pa iná yàrá kí ó lè rí iná kékeré yẹn, yóò sì máa fi ẹnu kà á: ení, èjì, ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ ibà di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.